Òjò Lẹ Rí, Kì Í Ṣe Àrá: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Wíwá Ìtànṣán Gámà Lójú Ìjì

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, kì í pẹ́ tí gíráàfù á fi máa wọlé sórí fóònù mi. Ìlà kan tó ń fi iye gámà (ìtànṣán alágbára tí ojú kò lè rí) hàn á wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, á gbéra bí òjò ṣe dé, á sì máa rọra sọ̀ lẹ́yìn tí òjò bá dá. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí gámà látinú àrá!" Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kì í ṣe nítorí ìbéèrè o, nítorí owó ni. Ọmọ tó ń kàwé lọ́wọ́ ni, ó ti yá owó, ó ti ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, ó ti sanwó Kọ́sítọ́ọ̀mù, ohun tó sì kà kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú mànàmáná.

Mi ò ní kọ́ yín ní ìpìlẹ̀. Ẹ ti mọ̀ pé onímọ̀ físíìsì C.T.R. Wilson ti sọ ọ́ láti 1925 pé iná inú ìkùukùu lè lé electron (ẹyọ oníná kékeré inú átọ́ọ̀mù) sáré kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ ti lè dá a dúró; irú electron bẹ́ẹ̀ ló ń tú gámà jáde. Ẹ ti mọ̀ pé sátẹ́láìtì Compton rí gámà tó ń kọ yẹ̀rì láti ojú sánmà ayé wa, tí ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1994. Ẹ jẹ́ ká kọjú sí ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ yín.

1. Ẹ má fi Geiger counter, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìtànṣán, wá gámà àrá. Ó lè ka iye, kò lè sọ agbára èyí tó kà, agbára yẹn gan-an la sì ń wá.

2. Ẹ má gun òrùlé tí mànàmáná bá ń kọ. Kò sí dátà tó tó ẹ̀mí.

3. Ẹ má pe òjò ní àrá. Níbí ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣubú.

Radon jẹ́ gáàsì tó ń jáde látinú ilẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ohun tó ń yí padà dà, pàápàá òjé-214 àti bismuth-214, máa ń lẹ̀ mọ́ eruku àti ẹ̀kán omi inú ìkùukùu. Bí òjò bá rọ̀, ó ń kó gbogbo wọn bọ̀ wálẹ̀, wọ́n á sì tẹ́ sórí páànù yín, sórí kọnkéré, sára koríko. Wọ́n ń tú gámà jáde níbẹ̀: 352 àti 609 keV, 1.12 àti 1.76 MeV (òṣùwọ̀n agbára gámà ni keV àti MeV; 1,000 keV ló ń jẹ́ 1 MeV). Ẹ̀rọ tó bá wà nítòsí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ wọn, àrá sán o, àrá ò sán o. Òjé-214 máa ń dín kù sí ìdajì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 27, bismuth-214 ní nǹkan bí 20. Ìdí nìyẹn tí ìlà yín fi ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn òjò, tó sì ń gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà sí ipò rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìsọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́ yẹn, radon ló rí.

Gámà ìjì tòótọ́ kò rí báyẹn. Ẹ wo etíkun Òkun Jàpáánì, ní Kanazawa àti Kashiwazaki, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń kà á láti orí ilẹ̀ nígbà òtútù. Ìkùukùu á kọjá, iye á gòkè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Nígbà mìíràn mànàmáná á kọ, iye yẹn á sì já lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn pa iná. Agbára rẹ̀ lè kọjá 10 MeV, ibi tí radon kò lè dé láéláé.

Nítorí náà, ẹ fa ìlà sí 3 MeV. Nínú gámà tó ń ti ilẹ̀ wá, èyí tó lágbára jù tí ẹ máa rí dáadáa ni ti thallium-208, 2.61 MeV. Lókè 3 MeV, ìtànṣán tó ń bọ̀ láti òfurufú jíjìn ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù, òjò kì í sì í gbé ìyẹn sókè. Ẹ ya gíráàfù kan fún ìsàlẹ̀ ìlà náà, kí ẹ ya òmíràn fún òkè rẹ̀. Bí tìsàlẹ̀ bá gòkè tí tòkè ò mira, òjò ni.

Mo sọ èyí fún àbúrò kan tó ti fi gbogbo àsìkò òjò gba dátà. Ó ní òun ò lè ya tòkè. Kí ló dé? Ètò orí kọ̀ǹpútà tó bá ẹ̀rọ rẹ̀ wá dúró ní 2 MeV, kò sì yí i padà rí. Mo jókòó tì í, a jọ wo ojú kọ̀ǹpútà náà. 609 wà níbẹ̀, ó yọ ṣóńṣó, 1.76 wà níbẹ̀, ó kéré sí i. Bó ti kọjá ibẹ̀ díẹ̀, òfo. Gbogbo ohun tó ń wá wà lẹ́yìn ààlà yẹn, ẹ̀rọ kò sì kọ ìkankan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ fún un, torí ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó tà á fún un ni kò sọ fún un pé fún àyẹ̀wò ilẹ̀ àti òkúta ni wọ́n ṣe ètò náà.

Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ síta de ìjì, ẹ kọ́kọ́ gba dátà òjò tí kò ní àrá. Òjò wẹliwẹli oṣù keje dára fún un. Ẹni tí kò bá ní irú dátà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò ní ohun tó máa fi wé ti ìjì.

Àwọn kan sì ti ka ìròyìn Kashiwazaki, wọ́n wá ń rí 511 keV níbi gbogbo. Òótọ́ ni pé lọ́jọ́ 6 oṣù kejì 2017, gámà mànàmáná kan lu neutron (ẹyọ inú átọ́ọ̀mù tí kò ní iná) jáde nínú náítírójìn afẹ́fẹ́ níbẹ̀, tí positron (òdìkejì electron) tó tẹ̀ lé e sì mú kí 511 keV hàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n 511 wà nínú dátà gbogbo wa lójoojúmọ́, ìtànṣán òfurufú ló ń mú un wá. Pé ẹ rí i kò sọ nǹkan kan. Bó bá gbéra lẹ́yìn mànàmáná, tí 609 kò sì gbéra pẹ̀lú rẹ̀, ìgbà yẹn ni ká tó jókòó sọ̀rọ̀.

4. Ẹ má da iṣẹ́ àwọn ará Jàpáánì kọ láìwo ojú ọ̀run tiyín. Ìkùukùu ìgbà òtútù níbẹ̀ ń rìn nílẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sábà tó kìlómítà kan sókè. Tiwa lè ga ju kìlómítà 15 lọ, ibi tí iná rẹ̀ ti le jù sì wà ní kìlómítà mélòó kan lókè orí wa. Nínú afẹ́fẹ́ etíkun bíi ti Èkó, gámà 1 MeV ń rìn tó nǹkan bí mítà 130 kó tó forí gbá nǹkan. Ti 10 MeV, nǹkan bí mítà 400. Ẹ fi ìyẹn ṣírò kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ olówó gọbọi sórí ilé ní Súrùlérè. Ní òkè Aragats, ní Armenia, mítà 3,200 ni wọ́n gbé tiwọn sí. Òkè Ìdànrè kò tó 1,000. Òkè Mambilla sàn jù ú lọ, ó ga ju 1,500.

Ní 2023, ọkọ̀ òfurufú NASA kan, ER-2, fò ní nǹkan bí kìlómítà 20 lórí ìjì ilẹ̀ olóoru ní agbègbè Karibíánì àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2024: gámà ń hó lórí ìkùukùu náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà níbùú lóròó. Ilẹ̀ olóoru làwa náà wà. Gámà wà lókè orí wa, kò kàn lè dé orí páànù yín ni.

Ọ̀rọ̀ wáyà ńkọ́? Bí mànàmáná bá kọ, gbogbo wáyà tó gùn á gba iná díẹ̀, ẹ̀rọ yín á sì kà á bíi pé gámà ni. Ohun tó fi ń tan ènìyàn jẹ ni pé àkókò mànàmáná gẹ́lẹ́ ló máa ń bọ́ sí. Ní Camp Blanding ní Florida, níbi tí wọ́n ti ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì fa mànàmáná wálẹ̀, Joseph Dwyer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹ̀rọ wọn sínú àpótí àlùmíníọ́mù tó nípọn, bátìrì ló ń gbé e, okùn oníná-ìmọ́lẹ̀ (fibre optic) ló ń kó dátà jáde. Wọ́n tún fi ọ̀kan sí i tí kò ní kírísítálì, ìyẹn ohun tó ń gba gámà mú, rárá. Bí èyí tí kò ní kírísítálì bá ka nǹkan, ẹ ò gbọdọ̀ gba èyí tó kù gbọ́. Lọ́dọ̀ wa, ìjì dé, iná lọ, inverter gbà á, ẹnìkan lọ tan jẹnẹrétọ̀, iná tún dé, orí wáyà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Bátìrì, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì yọ ọ́ lára ṣájà kí ìjì tó dé.

Àkókò pẹ̀lú. Gámà tó ń kọ yẹ̀rì, tí sátẹ́láìtì ń rí, kì í sábà pé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó ń ro iye pọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ti sin ín mọ́lẹ̀. Ẹ kọ àkókò ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá kà, láti GPS. Ẹ má gbára lé aago láptọ́ọ̀pù. Kírísítálì ńlá nìkan kò sì tó, nítorí gámà tó bá rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà máa ń di ẹ̀rọ lójú. Ẹ̀rọ BATSE orí Compton pàápàá pàdánù púpọ̀ báyìí.

Bí òjò bá mú òtútù wá, ìwọ̀n agbára tí ẹ̀rọ ń kà á sún: ẹ fi 1.46 MeV ti potassium-40 tún un tò.

Ẹ má ṣí àpótí sodium iodide, kírísítálì inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gámà, láéláé. Mo rí ọmọkùnrin kan tó tú ìdérí rẹ̀ torí ó fẹ́ wo bí inú rẹ̀ ṣe rí. Kírísítálì náà mọ́ gaara nígbà tó kọ́kọ́ yọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Omi inú afẹ́fẹ́ ló mu. Owó ọjọ́ pípẹ́ lọ lọ́sàn-án kan. Cesium iodide àti BGO, tí wọ́n jẹ́ kírísítálì bákan náà, fara da ọ̀rinrin jù ú lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé púpọ̀ nínú yín kò tiẹ̀ ní láti ra nǹkan kan. Sátẹ́láìtì Fermi, tó ń wá gámà, ti wà lókè láti 2008, ẹ̀rọ GBM rẹ̀ ní sodium iodide 12 àti BGO 2, dátà rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gámà ìjì 4,144 ló wà nínú àkójọ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde, láti 2008 sí 2016, àárín gbùngbùn Áfíríkà sì wà lára ibi tí wọ́n ti pọ̀ jù láyé. Lọ́jọ́ 14 oṣù kejìlá 2009, Fermi wà lókè Íjíbítì nígbà tí positron láti inú ìjì kan ní Sámbíà gba ojú ọ̀nà agbára òòfà ayé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, láti nǹkan bí kìlómítà 4,500. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń rí àwọn nǹkan wọ̀nyí, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ mú àwọn gámà ìjì tó ṣẹlẹ̀ lórí Gulf of Guinea àti lórí ilẹ̀ wa. Ẹ to oṣù wọn, ẹ to wákàtí wọn, kí ẹ wo bóyá wọ́n bá àsìkò ìjì wa mu. Láptọ́ọ̀pù kan tó fún un. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn tán tí ẹ ṣì fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó.