Bó o ṣe máa mú Gẹ̀ẹ́sì àwọn dókítà wọrí: kọ ohun tó o rò sílẹ̀ kó o tó wá a lórí fóònù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ka mẹ́dísìn ní Àbújá níbí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ràn mí lọ́wọ́ fún yín. Wọ́n bi mí ní wọ́ọ̀dù nígbà kan pé kí ni dysphasia, mo ní kí oúnjẹ má lọ lọ́fun pésẹ́ǹtì ni, gbogbo wọn dákẹ́. Dysphagia nìyẹn o! Dysphasia ni kéèyàn máa wá ọ̀rọ̀ tì tàbí kí ọ̀rọ̀ má yé e mọ́, lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní stroke lè ní méjèèjì pọ̀.

Àkọ́kọ́, ra nóòtù kékeré tó máa wọ àpò kóòtù ẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá rú ẹ lójú, kọ ọ́ pẹ̀lú gbólóhùn tí dókítà fi sọ ọ́, méjì lóòjọ́ ti tó.

Tó bá di alẹ́, má tíì fọwọ́ kan fóònù. Kọ ohun tó o rò pé ó jẹ́, kó o sì kọ ìdí tó o fi rò bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ sì wà, torí ìgbà tí mo kọ tèmi ni mo rí i pé ṣe ni mò ń há ọ̀rọ̀ sórí lódindi bí orin, mi ò mọ̀ pé phagia ti inú èdè Gíríkì wá, jíjẹ ni, pé phasia sì jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Lẹ́yìn náà, já a sí wẹ́wẹ́: hepat ni ẹ̀dọ̀, nephr ni kíndìnrín, itis ni kí nǹkan wú kó pọ́n, ectomy ni kí wọ́n gé e kúrò.

Ìgbà yìí ni kó o wá a. Díṣọ́nárì ìṣègùn ni kó o kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn ẹ̀ kó o lọ sí PubMed, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá àwọn pépà ìwádìí ìṣègùn, ọ̀fẹ́ ni, ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ló ń gbé e jáde láti 1996, kó o ka abstract, ìyẹn àkópọ̀ kúkúrú tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ pépà, méjì mẹ́ta kó o rí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà. Tí pépà ọ̀hún bá ń bèèrè owó, bi àwọn tó wà ní láíbìrì yín bóyá wọ́n ní Hinari, ètò WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) tó ń jẹ́ kí àwọn láíbìrì rí irú pépà bẹ́ẹ̀ kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Má gba èsì àkọ́kọ́ tó bá jáde gbọ́ o, wò ó níbi méjì.

Wá fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ fún ara ẹ sókè ketekete. Èmi fẹ́ràn ibí yìí gan-an! Ọ̀rọ̀ Gíríkì tí diabetes ti wá, kí nǹkan máa gba inú èèyàn kọjá ni, àwọn baba wa náà wo ìtọ̀ tí kò dáwọ́ dúró àti ara tó ń gbẹ, wọ́n pè é ní àtọ̀gbẹ. Bi àwọn nọ́ọ̀sì ní Hausa ẹ̀ náà, ciwon suga ni pésẹ́ǹtì tó pọ̀ máa sọ fún ẹ níbí.

Lọ́jọ́ Sunday, padà ka tọ̀sẹ̀ yẹn, wo irú àṣìṣe tó ń tún ara ẹ̀ ṣe. Tèmi ni àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra, mo sì ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún wọn. Ileum tó jẹ́ apá kan ìfun àti ilium tó jẹ́ egungun ìbàdí ló wà lókè pátápátá.