Kúbùsù Ọmọ Tó Ti Gbó: Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Ṣe Nílé

Ìwé yìí wà fún ìyá, bàbá tàbí ìyá àgbà tí irú kúbùsù yìí wà nílé rẹ̀: èyí tí a fi àjákù aṣọ rán pọ̀, ankara lápá kan, àdìrẹ lápá kejì, tí a ki òwú tàbí ìró àtijọ́ sí i nínú, tí a sì fi odindi aṣọ kan tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ti wọ́ ọ nílẹ̀ títí, ó ti jẹ etí rẹ̀, ó ti tọ̀ sí i, síbẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Ọmọ náà jàre. Àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́. Ẹni tí kò tọ́jú àbùlẹ̀, ó ṣe ara rẹ̀ lófò aṣọ.

Ohun kan ṣáá ni kí ẹ dì mú nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: ẹ bo ibi tó gbó, ẹ má tú u kúrò. Bí ẹ bá tú kúbùsù palẹ̀ tí ẹ tún un tò, ó lè mọ́, ó lè dán, ṣùgbọ́n ọmọ kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹ bi ọmọ léèrè

Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ yóò fi ibi tó fẹ́ràn jù hàn yín. Ó lè jẹ́ igun kan, tàbí etí tó máa ń fọwọ́ pa kó tó sùn. Ẹ má fi aṣọ mìíràn bo ibẹ̀ lókè, bó ti wù kó gbó tó. Abẹ́ ni kí ẹ ti fún un lágbára. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ tọ́jú kúbùsù rẹ̀, kí ẹ sì máa rán an nígbà tó bá wà nílé ìwé, kó lè bá a lórí ibùsùn lálẹ́. Ibi kan lóòjọ́ ti tó.

Ẹ má tíì fọ̀ ọ́

Bí omi bá wọ inú kúbùsù, yóò wúwo, ìwúwo náà ni yóò sì sọ ihò kékeré di ńlá. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú àti lẹ́yìn. Ibi tó jẹ́ pé òwú ìránṣọ nìkan ló já, iṣẹ́ kékeré ni: ẹ fi abẹ́rẹ́ tún un rán lójú ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ibi tí aṣọ fúnra rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ tàbí tó ti ya ni àbùlẹ̀ wà fún.

Aṣọ tí ẹ ó fi lẹ̀ ẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn á lọ sí ọjà aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, wọ́n á ra ankara tuntun tó le koránkorán, wọ́n á rán an mọ́ aṣọ tó ti rẹ̀. Kò dára bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó lágbára yóò máa fa èyí tí kò lágbára, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbùlẹ̀ gan-an. Aṣọ tí wọ́n ti lò díẹ̀ ló bá a mu jù: ìró ìyá àgbà, bùbá tó ti fún mọ́ ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá gba àjákù tuntun lọ́wọ́ télọ̀ àdúgbò, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ tó gé e. Aṣọ òwú máa ń sún kì nígbà àkọ́kọ́ tí omi bá kàn án. Tó bá lọ sún kì lórí kúbùsù, yóò fa gbogbo àyíká rẹ̀ jọ.

Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ tó ń ṣí, pàápàá aṣọ pupa àti àdìrẹ aláró. Ẹ fi omi rin aṣọ funfun kan, ẹ fi tẹ àjákù náà dáadáa. Bí àwọ̀ bá yọ sára funfun, ẹ tún un fọ̀ lọ́tọ̀, ẹ tún un dán wò. Wọ́n máa ń ní kí a fi iyọ̀ sómi kí àwọ̀ má baà ṣí. Iyọ̀ kò lè di àwọ̀ aṣọ tí wọ́n ti pa láró tán mú. Fífọ̀ títí tí omi yóò fi mọ́ ni ọ̀nà tó dájú.

Bí ẹ ó ṣe rán an

Ẹ gé àbùlẹ̀ kó fi ínṣì 1 tóbi ju ihò lọ yí ká. Ó gbọ́dọ̀ dé ibi tí aṣọ ti ṣì lágbára, nítorí etí ihò kò lè gbé òwú. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ wọlé díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí ihò, ẹ fi ìrán gbọọrọ mú un dání, kí ẹ tó wá rán an wẹ́wẹ́ yí ká. Ọwọ́ ni kí ẹ fi rán an. Ẹ̀rọ máa ń gún ihò jọ ju ohun tí aṣọ gbígbó lè gbà lọ. Òwú ìránṣọ tí wọ́n fi òwú ṣe ni kí ẹ lò, ẹ má lo ti ọ̀rá. Òwú ọ̀rá kì í tètè já, aṣọ ló máa ń gé. Ó sàn kí òwú já, nítorí òwú rọrùn láti pààrọ̀.

Nígbà mìíràn, ibi tó ya náà gan-an ni ó níye lórí jù. Mo ti rí kúbùsù tí àdìrẹ Ìbàdàndùn wà láàárín rẹ̀, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí lára, gbọ̀ngàn ìlú Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Irú aṣọ ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé bò. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì múlọ́múlọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìbòjú ìyàwó, ẹ tẹ́ ẹ lé e lórí, ẹ rán an mọ́ ọn yí ká. Òpó yóò ṣì hàn, fọ́nrán aṣọ kò sì ní máa já dànù. Ẹ má ṣe èyí fún ọmọ tó ṣì ń jẹ aṣọ o, nítorí ìka àti eyín lè há sínú nẹ́ẹ̀tì.

Etí kúbùsù ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdábùú, kó lè máa nà, ẹ fi pọ́n etí àtijọ́ nínú láìtú u. Bí òwú inú bá ti wọ́ jọ sójú kan, ẹ tú ìrán díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ìka tẹ́ ẹ padà, ẹ wá fi òwú so ó níbi mélòó kan kó má baà tún rìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka abẹ́rẹ́ àti píìnnì yín kó pé. Ẹ yọ bọ́tìnnì èyíkéyìí tó bá wà lára rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọdọ̀ sùn pẹ̀lú kúbùsù tó nípọn, torí ó lè bò ó nímú.

Fífọ̀ àti ìtọ́jú

Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ lò nínú abọ́ ńlá. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má bó o, ẹ má fún un lọ́rùn bí aṣọ iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá a lábẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ ibòòji tí atẹ́gùn wà. Ẹ má fi sítáàsì sí i, aáyán fẹ́ràn rẹ̀.

Èyí tó kàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á gbọ́: ẹ má kó káńfọ̀ sínú kúbùsù ọmọ. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní naphthalene wà nínú púpọ̀ àwọn hóró funfun tí wọ́n ń tà ní káńfọ̀. Bí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, bá ń fà á símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa túká, ojú àti ara rẹ̀ á pọ́n di àwọ̀ ìyeyè, ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ náà sì lè ba ọpọlọ ìkókó jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa ló ní àìtó èròjà yìí, òbí kì í sì í mọ̀. Bí ojú ìkókó bá pọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Kúbùsù tó mọ́, tó sì gbẹ kanlẹ̀ kò nílò káńfọ̀. Ẹ fi í sínú àpò ìrọ̀rí aláṣọ, ẹ má fi sínú ọ̀rá, torí yóò hu èbu nígbà òjò. Bí ọyẹ́ bá dé, ọmọ yóò tún bèèrè rẹ̀. Tó bá wá di pé kò sí ibi tí àbùlẹ̀ lè dì mú mọ́, ẹ gé apá tí ọmọ fẹ́ràn jù, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀, ẹ rán an sójú ìrọ̀rí rẹ̀.