Bẹ́ ẹ ṣe lè kó àwọn ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ nílé lọ sígbó Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ yín nílé l'Óṣogbo, ẹ má wulẹ̀ wá ibi tó jìnnà, igbó Ọ̀ṣun ti tó. Ẹ tètè jáde láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ gbé omi àti ìpápánu dání. Ẹ kọ́kọ́ sọ̀tàn Susanne Wenger fún wọn nílé, Àdùnní Olórìṣà tá a mọ̀ yẹn, òyìnbó ará Austria tóun àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ibí jọ mọ àwọn ère inú igbó yẹn, 2005 sì ni UNESCO ka igbó náà mọ́ ogún àgbáyé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ère kan péré kó yà á sínú ìwé, ìyẹn dáa ju kí wọ́n máa sáré ya fọ́tò lọ. Wọn ò gbọdọ̀ pẹja odò o, ẹ sì ṣọ́ bisikíìtì yín, ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀!