Bí Resident Ìtọ́jú Ọpọlọ ní Amẹ́ríkà Ṣe Lè Gba Fellowship Láti Sin Àwọn Tí Ìtọ́jú Kì Í Dé Ọ̀dọ̀ Wọn

Ọdún mẹ́rin ni dókítà fi ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tó bá ti jáde ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Resident ni wọ́n ń pè é títí yóò fi parí. Àwọn fellowship kan wà tó jẹ́ pé àárín ọdún mẹ́rin yìí ni wọ́n ń gba èèyàn sí. Wọ́n á fún resident lówó, wọ́n á fún un ní ẹni tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà, kó lè ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tí dókítà ọpọlọ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn: àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkèèrè dé, àwọn onílẹ̀ tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, àtàwọn ará oko tí ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn sí. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí, àmọ́ ìgbà tí ọjọ́ bá ti kọjá ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbọ́. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó bí ètò náà. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ní Amẹ́ríkà ló ti fi hàn pé àwọn dókítà máa ń tètè sọ pé aláwọ̀ dúdú ní schizophrenia, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, nígbà tó jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le ló ń bá a jà. Oògùn tí kò bá àìsàn rẹ̀ mu ni yóò máa lò, ọdún á máa gorí ọdún, àwọn ará ilé á sì gbà pé kò lè sàn mọ́. Ó ń dùn mí gan-an, torí pé ẹni tó bá fara balẹ̀ bi aláìsàn ní ìbéèrè lè yẹ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní 1969, àwọn dókítà ọpọlọ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí Chester Pierce ṣáájú wọn, dá ẹgbẹ́ Black Psychiatrists of America sílẹ̀, wọ́n sì ko American Psychiatric Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, lójú pé kó wá nǹkan ṣe. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, láàárín àwọn ọdún 1970, ni Minority Fellowship bẹ̀rẹ̀. Owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi gbé e ró; SAMHSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera ọpọlọ àti ìlòkulò oògùn, ló wá ń bójú tó owó náà nígbà tó yá.

Ẹ mọ èyí tí ẹ ń lé

Gbogbo ohun tó ń jẹ́ fellowship kọ́ ló jọra. Irú èyí tí SAMHSA ń náwó sí kì í yọ yín kúrò nílé ìwòsàn yín; ẹ ó máa bá iṣẹ́ resident yín lọ, wọ́n á sì fún yín lówó láti ṣe iṣẹ́ kan láàárín ìlú àti láti lọ sí àwọn ìpàdé ńlá. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Dókítà Jeanne Spurlock sọ ń mú èèyàn lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin ní Washington. Ẹni tó bá fẹ́ràn òfin àti ètò ìlú ló yẹ. Òmíràn tún wà fún àwọn tó ti parí residency, irú bí èyí tó wà ní Yunifásítì Columbia ní New York láti 1981, tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú àwọn tí kò lówó, tí ìjọba ń sanwó ìtọ́jú wọn. Ọdún kan gbáko nìyẹn, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni.

Ẹ wo ìwé yín

Torí pé owó ìjọba àpapọ̀ ni, ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card ni Minority Fellowship ti SAMHSA wà fún. Ẹni tó wà lórí físà J-1, èyí tí dókítà ilẹ̀ òkèèrè fi ń wá kọ́ṣẹ́, kò gbọdọ̀ fi oṣù méjì kọ ìwé kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá ètò náà ṣì wà lọ́dún tí ẹ fẹ́ wọlé. Láti oṣù kìíní 2025 tí Ààrẹ Donald Trump ti fọwọ́ sí àṣẹ tó tako àwọn ètò tó jẹ mọ́ ẹ̀yà nínú ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn tó ṣáájú yín jẹ ànfààní rẹ̀ lẹ ó bá bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ọ́fíìsì wọn, ẹ bi wọ́n léèrè.

Àwọn èèyàn ṣáájú, ìwé lẹ́yìn

Ibí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ohun tó máa ń ba ìwé ìbéèrè jẹ́ jù ni kéèyàn kọ pé òun fẹ́ràn àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ, láìsí àwùjọ kan pàtó tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń kà á ti ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ títí ojú wọn fi pọ́n. Bó bá ku oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ tí ìwé yóò tì, ẹ ti gbọ́dọ̀ máa lọ síbì kan: ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé onígbàjámọ̀, ilé ìwòsàn kékeré tó wà fún àwọn tí kò ní ìwé ìgbé ìlú. Ẹ bá olórí ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, kẹ́ ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún wọn.

Ká sọ pé ẹ wà ní Houston, tí ẹ sì mọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tí àwọn Yorùbá kún inú rẹ̀. Màmá kan wà níbẹ̀ tó ti lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì léraléra. Ó ní orí òun ń gbóná, pé nǹkan kan ń rìn nínú orí òun bí èèrà, oorun ò sì kun òun mọ́. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí, wọ́n ní kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló kú, tàbí ìgbà wo ló ti jẹun kẹ́yìn tó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Dókítà tó gbọ́ Yorùbá á ti fura sí àìsàn tí Yorùbá ń pè ní ọdẹ orí, tí Makanjuola, dókítà ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, kọ ìwádìí nípa rẹ̀ jáde ní 1987, yóò sì béèrè bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àníyàn ló wà nídìí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹ lè dá lábàá á wá hàn kedere: ẹ kọ́ àwọn pásítọ̀ àtàwọn ìyá ìjọ láti dá irú àpẹẹrẹ wọ̀nyí mọ̀, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ilé ìwòsàn kan tó ti gbà láti rí ẹni tí wọ́n bá rán wá, kẹ́ ẹ sì máa ka iye ẹni tó dé ibẹ̀ lóòótọ́ láàárín ọdún kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kékeré tó ṣeé parí sàn ju àlá ńlá lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi hàn pé kíkó mọ̀lẹ́bí mọ́ ìtọ́jú kì í ṣe ohun tuntun, ẹ mẹ́nu kan Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, níbi tí aláìsàn ti ń gbé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ láàárín àwọn ará abúlé, tó sì ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn lójú mọmọ.

Bí ẹ bá ń kọ ìtàn aláìsàn, ẹ yí ohun gbogbo tó lè jẹ́ ká dá a mọ̀ padà. Àwùjọ wa kéré lọ́hùn-ún. Àpèjúwe méjì péré ti tó kí gbogbo ìjọ mọ ẹni tó jẹ́.

Lẹ́tà àwọn ọ̀gá

Lẹ́tà ọ̀gá tó ń darí ẹ̀kọ́ yín ṣe pàtàkì jù, torí òun ló máa sọ pé òun á fún yín láyè láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ ṣe èyí. Ẹ rí i lójúkojú. Fún lẹ́tà yòókù, ẹ wá ẹni tó ti rí yín níbi tí ẹ ti ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Gbajúmọ̀ tí kò mọ̀ yín dáadáa kò lè kọ nǹkan gidi. Ẹ fún wọn ní oṣù kan ó kéré tán, pẹ̀lú ojú ìwé kan tó ṣàlàyé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. A kọ́ wa nílé pé a kì í yọ àgbà lẹ́nu, àmọ́ ẹ rán wọn létí nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Wọn ò ní bínú.

Bí ìwé ìgbé ìlú ò bá gbà yín láyè

Ẹni tó wà lórí J-1 ṣì lè sin àwọn èèyàn wọ̀nyí lẹ́yìn residency. Ètò Conrad 30 ń jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ìtìlẹyìn fún dókítà 30 lọ́dún, kí wọ́n má bàa padà sílé fún ọdún méjì tí òfin béèrè, bí wọ́n bá ti gbà láti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta níbi tí dókítà ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọdún kẹta residency bá ń parí lọ, torí àyè máa ń tètè kún ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, kẹ́ ẹ sì wá lọ́yà tó mọ̀ nípa físà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ kankan.