Ajá Pa Eku? Ẹ Dúró Ná Kí Ẹ Tó Yìn Ín

Bí ajá bá gbé òkú eku wá síwájú ilé, yíyìn la máa ń yìn ín. Èmi náà ti ṣe é rí: mo ní "Bingo, o káre," mo tún fún un ní egungun. N kò tiẹ̀ bi ara mi pé kí ló dé tí eku náà kò lè sá. Eku tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ́sàn-án gangan lè ti jẹ májèlé, ajá tó bá sì gbé e mì ti pín níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹlòmíì á fi òtapiápíá po orí ẹja, á tì í sábẹ́ àga, á ní ajá ò lè débẹ̀. Imú ajá ńkọ́? Òtapiápíá kì í pẹ́ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀: itọ́ á máa dà, ara á máa gbọ̀n. Èyí tó ń tanni jẹ ni oògùn eku oníkóró. Ajá á jẹ ẹ́ tán, á ṣì máa ṣeré kiri. Ó lè tó ọjọ́ 3 sí 5 kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nímú tàbí nínú ìgbẹ́, torí oògùn náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ ká ètè rẹ̀ sókè wò. Bí èrìgì bá funfun bí aṣọ àlà, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko, kí ẹ sì mú ọ̀rá oògùn náà dání. Vitamin K1 ni wọ́n fi ń wo irú rẹ̀, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi epo pupa sílẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Epo kì í pa májèlé, ajá tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n kò sì lè gbé e mì dáadáa. Ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Òmíràn á ní, "A ti gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi." Ó dára, àmọ́ ìyẹn kò kan leptospirosis, àrùn inú ìtọ̀ eku tó ń ba kídìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó sì ń ran ènìyàn. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, ọdọọdún la sì ń tún un gún. Àsìkò òjò ni kí ẹ ṣọ́ra jù, nígbà tí ajá ń lá omi inú kòtò.

Òkú eku, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e. Ẹ bi àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó léèrè ibà Lassa, àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn.

Abọ́ oúnjẹ tí ẹ bá gbàgbé síta mọ́jú, eku á bá ajá jẹ níbẹ̀, á sì tọ̀ sínú omi rẹ̀. Nílé wa, nígbà tí mo gbé àpò oúnjẹ Bingo kúrò nídìí ògiri, àwọn eku ti lu ihò sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìgbẹ́ eku sì kún ibẹ̀ bí ìrẹsì dúdú. Inú garawa onídèérí ni oúnjẹ náà wà báyìí.