Má tíì sáré ra íntánẹ́ẹ̀tì tó yára jù: àwọn àṣìṣe tó ń dá lag sílẹ̀

O rí ọ̀tá nínú géèmù, o yìnbọn, ó ń rìn lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Kí o tó ṣẹ́jú, ìwọ lo ti kú. Ìyẹn ni lag: géèmù ń fà sẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á lọ sanwó kún owó kí íntánẹ́ẹ̀tì wọn lè yára sí i. Owó ń lọ, lag ò lọ. Ọ̀pọ̀ géèmù kì í lò tó iyára 1 Mbps nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣe ọ́ ni ping: iye àkókò tí "mo ti yìnbọn" fi ń dé ọ̀dọ̀ server (kọ̀ǹpútà tó ń darí géèmù) kí èsì tó padà wá bá ọ.

Torí náà, má fi géèmù sílẹ̀ sórí server tó jìnnà. Nínú wáyà fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Server tó wà ní 5,000 kìlómítà sí ọ á gba 50 ms (ìdá àádọ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan) ní àlọ àti àbọ̀, ó kéré tán. Kò sí ráútà olówó ńlá tó lè gé e kúrú.

Èyí tí wọn kì í fura sí rárá ni fóònù tó ń kó fọ́tò àti fídíò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́lẹ̀ nígbà tí o ń gbá géèmù. (Èmi náà ti pààrọ̀ ráútà rí kí n tó mọ̀ pé fóònù àpò mi ni.) Ọ̀nà ìfiránṣẹ́ sábà máa ń tóóró, fídíò á tò gbọọrọ sínú ráútà, ìbọn tí o yìn á sì lọ tò sẹ́yìn rẹ̀. Dán an wò: lórí Windows, ṣí Command Prompt, tẹ ping -t 8.8.8.8, kí o wá fi fídíò ńlá kan ránṣẹ́ láti orí fóònù. Bí nọ́ńbà bá fò láti 30 sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ọwọ́ ti tẹ olè. Dá ìfiránṣẹ́ náà dúró. Bí ráútà rẹ bá ní SQM (ètò tó ń to ìsọfúnni kí ohun kan má baà dí ọ̀nà mọ́ òmíràn), tan án, kí o sì fi ààlà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ iyára tí o ń rí ní ti gidi díẹ̀.

Má tan ara rẹ pé Wi-Fi ń fi àmì kíkún hàn. Bluetooth, máíkírówéèfù àti Wi-Fi aládùúgbò ló jọ ń du ìgbì rédíò 2.4 GHz. Wáyà ló dáa jù. Bí kò bá sí, lo 5 GHz, kí o sì jókòó sítòsí ráútà.

VPN (ètò tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ gba ọ̀dọ̀ server mìíràn) ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣe ló ń mú kí ọ̀nà yí po. Àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá wọn ping ṣáájú àti lẹ́yìn, tó sì dín kù.

Má sì pe gbogbo ìdákúrekú ní lag. Dúró sójú kan nínú géèmù, kí o yí ojú rẹ káàkiri. Bí àwòrán bá ń gbọ̀n bí o ṣe ń yí i, ẹ̀rọ rẹ ló ń rẹ̀: ó ti gbóná, tàbí o ti gbé gíráfíìsì ga jù. Bí ó bá ń yí geere, ṣùgbọ́n tí àwọn yòókù ń pòórá níhìn-ín, tí wọ́n ń yọ lọ́hùn-ún, íntánẹ́ẹ̀tì ni kí o lọ wò.