Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn-Àjò Lọ Jẹ Ẹran Ńláńlá ní Texas

Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tó bá béèrè ibi tó yẹ kí òun lọ, bí òun bá fẹ́ rìnrìn-àjò sí òkè òkun nítorí oúnjẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ìdí mi ni pé oúnjẹ ńlá ní gbòǹgbò níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sin màlúù lọ́pọ̀ yanturu ni, àwọn alápatà tó ṣí wá láti Jámánì àti ilẹ̀ àwọn Czech ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì mú àṣà fífi èéfín yan ẹran wá sí àárín gbùngbùn rẹ̀: èyí tí wọn kò bá rí tà ní tútù, wọn á yan án, wọn á gbé e sórí ìwọ̀n, wọn á sì fi bébà dì í fún oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń tà á títí di òní. Àwọn ilé oúnjẹ kan wà káàkiri ayé tó jẹ́ pé nítorí fọ́tò ni wọ́n ṣe ń to oúnjẹ jọ gègèrè. N kò rò pé ó yẹ kí ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú nítorí irú wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò ṣe ni kí ẹ yan oúnjẹ tó ṣe pàtàkì jù sí yín nínú ìrìn-àjò náà, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo nǹkan yòókù tẹ̀lé e, láti orí ọjọ́ tí ẹ óò gbéra dé orí ibi tí ẹ óò sùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé e gba òdì: wọ́n á ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ti sanwó ilé ìtura, ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀ ni wọ́n á tó mọ̀ pé ilé oúnjẹ tí àwọn ń wá kì í ṣí ní ọjọ́ tí àwọn dé. Àpẹẹrẹ tó yè kooro ni Snow's BBQ ní ìlú kékeré tó ń jẹ́ Lexington. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń ṣí, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀, bí ẹran bá sì ti tán, ọjọ́ náà parí nìyẹn. Láti ọdún 2008 tí ìwé ìròyìn Texas Monthly ti pè é ní ilé ẹran yíyan tó dára jù ní ìpínlẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn ti ń tò síwájú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ẹran tí Tootsie Tomanetz, ìyá àgbà tí wọ́n bí ní ọdún 1935, fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró ti iná rẹ̀. Nítorí náà, Sátidé ni ẹ óò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nínú ètò yín, ẹ óò wá máa ka ọjọ́ síwájú àti sẹ́yìn láti ibẹ̀. Bí ẹ bá balẹ̀ sí ìlú Houston ní Ọjọ́rú, ara yóò ti balẹ̀ kí ọjọ́ Sátidé tó pé. Bí ẹ bá lọ jẹun ní ìlú Lockhart ní ọjọ́ Ajé, tí ẹ sì dé ìlú Amarillo ní Ọjọ́bọ̀ (n óò sọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì níwájú), oúnjẹ ńlá kọ̀ọ̀kan yóò ti ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀. Ẹ má ṣe fi oúnjẹ ńlá méjì sínú ọjọ́ kan. Èkejì kò ní dùn lẹ́nu yín, bó ti wù kí alásè rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà kò gùn, ṣùgbọ́n òun ni kí ẹ yanjú kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ohunkóhun mìíràn. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gba àṣẹ ESTA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó fún un láyè láti lò tó 90 ọjọ́. Ti ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yàtọ̀: físà àbẹ̀wò ló nílò, láti ọdún 2025 sì ni Amẹ́ríkà ti mú òfin físà náà le gan-an fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, òfin ọ̀hún sì ń yí padà. Ojú ìwé ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ni kí ẹ ti kà á fúnra yín. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá yín gbà á láìtẹ̀lé òfin, owó yín ló ń wá.

Ní ti àkókò, oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ló dára jù, tàbí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, oòrùn Texas máa ń kọjá 38 lórí ìwọ̀n Celsius, kò sì sí ohun tó ń pa oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn bí ìgbà tó ti dúró wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn kó tó rí i jẹ. Ọkọ̀ òfurufú máa ń lọ tààrà láti Lọ́ńdọ̀nù sí Houston, nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá ni. Mo fẹ́ràn Houston gẹ́gẹ́ bí ibi ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú náà ní agbègbè òpópónà Bissonnet, níbi tí àwọn ilé oúnjẹ Nàìjíríà wà. Ẹ lo ọjọ́ àkọ́kọ́ láti fi oúnjẹ tí ikùn yín mọ̀ tù ú nínú, irú bí ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́, ní ìwọ̀nba. Ẹni tó bá ti jẹ iyán kún ikùn ní Houston ti ná owó Lexington dànù.

Láti Houston dé Lexington, ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì sí méjì àbọ̀ ni pẹ̀lú ọkọ̀, nítorí náà ó sàn kí ẹ sùn sí ìtòsí rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá dé orí ìlà, ẹ óò rí i pé kì í ṣe àwo ni wọ́n ń tà bí kò ṣe ìwọ̀n. Brisket, ìyẹn ẹran àyà màlúù, ni olórí gbogbo rẹ̀. Igi óákù ni wọ́n sábà fi ń yan án ní àárín gbùngbùn Texas, fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí tí iṣan líle inú rẹ̀ yóò fi yọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gé e: apá kan kò lọ́ràá púpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní lean, apá kejì lọ́ràá, wọ́n ń pè é ní moist tàbí fatty. Ẹ béèrè fún díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì. Ìdajì páùn ẹran, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 230, tó ènìyàn kan dáadáa bí a bá fi búrẹ́dì àti ẹ̀wà tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú ló máa ń tan ènìyàn jẹ níwájú káńtà, tí ẹni méjì á ra páùn mẹ́rin. Bí ẹ bá fẹ́ egungun ìhà màlúù, ẹ rántí pé ẹyọ kan ṣoṣo lè wọn páùn kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra ọ̀kan kí ẹ pín in.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹran, mo sì fẹ́ fi àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń kọ lóminú lọ́kàn balẹ̀. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ẹ óò rí lábẹ́ èèpo dúdú brisket kò túmọ̀ sí pé kò jinná. Afẹ́fẹ́ kan nínú èéfín igi ló wọnú ẹran náà tó sì di àwọ̀ rẹ̀ mú. Ẹran náà ti jinná dé ibi tí ìka lè fà á ya. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni sọ́séèjì, nítorí pé wọ́n lè fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà á. Mùsùlùmí tó ń wá ẹran halal kò ní rí i ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyí, Houston ni kó ti wá a, nítorí Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ní ilé oúnjẹ tiwọn.

Lockhart wà ní nǹkan bíi 30 máìlì sí gúúsù Austin, olú ìlú Texas. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà fún un ní oyè olú ìlú ẹran yíyan Texas. Ilé ẹran yíyan Kreuz Market ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1900, Black's láti ọdún 1932. Kreuz ló gbajúmọ̀ fún fífi ọwọ́ jẹ ẹran láìsí fọ́ọ̀kì, èyí tí kò lè ṣòro fún ẹni tó fi ọwọ́ jẹ òkèlè dàgbà. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti jẹun ní gbogbo ilé ẹran yíyan ìlú náà ní ọjọ́ kan náà. Bí ẹ bá pọ̀ tó mẹ́rin, ẹ lè ra díẹ̀ ní ilé méjì kí ẹ fi wéra. Bí ẹ bá ń kọjá ní Round Rock, ní àríwá Austin, ilé búrẹ́dì Round Rock Donuts tó ti wà láti ọdún 1926 ń dín dónọ́ọ̀tì kan tó wọn nǹkan bíi páùn méjì. Ìdílé odindi ló lè jẹ ẹ́.

Amarillo ni ibi tí ìrìn-àjò náà dé góńgó rẹ̀. Ó jìnnà: láti Austin, nǹkan bíi 490 máìlì ni, ìrìn wákàtí mẹ́jọ, nítorí náà ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ òfurufú láti Dallas. Ohun tó ń mú àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀ ni ilé oúnjẹ Big Texan Steak Ranch, tí Bob Lee dá sílẹ̀ ní ọdún 1960 lójú ọ̀nà Route 66 tó lókìkí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó fi àwọn darandaran díje láti mọ ẹni tó lè jẹ ẹran jù láàárín wákàtí kan. Ẹni tó borí jẹ páùn mẹ́rin àbọ̀, Lee sì búra pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá lè jẹ irú rẹ̀ kò ní sanwó. Ẹran náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní: ó wọn áúnsì 72, ìyẹn kílò méjì àti díẹ̀, edé, pòtétò yíyan, sàláàdì àti búrẹ́dì pẹ̀lú bọ́tà sì ń bá a rìn. Gbogbo rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ jẹ tán láàárín wákàtí kan, yàtọ̀ sí ọ̀rá tí ẹ bá gé kúrò.

Òfin rẹ̀ ṣe kedere, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n nílé. Ẹ óò kọ́kọ́ san owó rẹ̀, dọ́là 72 ni wọ́n ti ń gbà, wọn á sì dá a padà bí ẹ bá borí. Orí pèpéle ni ẹ óò jókòó sí níwájú gbogbo ènìyàn, aago á máa kà lókè orí yín. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dìde, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ yín. Kí aago tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbà yín láyè láti gé ẹran náà kí ẹ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, bóyá ó jinná bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ lo àyè yìí dáadáa. Ẹni tó bá ní kí wọ́n sun ún jinná pátápátá ti fún ara rẹ̀ ní iṣẹ́ kún iṣẹ́, nítorí ẹran tó gbẹ ń pẹ́ lẹ́nu, àgbọ̀n ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ̀ kí ikùn tó kún. Ní ọdún 2015, Molly Schuyler, obìnrin tí kò sanra rárá, jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀ láàárín 20 ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun nìyẹn. Kò sí ẹni tó yẹ kó fi ara rẹ̀ wé e.

Ìmọ̀ràn mi fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú yín ni pé kí ẹ má ṣe wọ ìdíje náà. Ẹ bu ẹran tó mọ níwọ̀n, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí pèpéle, kí ẹ sì gbádùn alẹ́ yín. Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà ọ̀fun ọ̀nà ọ̀run, òótọ́ sì ni, nítorí ẹran tí a kò jẹ lẹ́nu tán lè há sí ènìyàn lọ́fun. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gbéra nílé. Bí ẹ bá sì ti pinnu láti díje, ẹ má ṣe fi ebi pa ara yín látàárọ̀, ẹ má sì ṣe máa mu omi gálọ́ọ̀nù-gálọ́ọ̀nù láti fi fẹ ikùn lójú, nítorí omi àmujù nìkan lè da iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rú dé ojú ikú. Oúnjẹ fífúyẹ́ ní òwúrọ̀, ìrìn díẹ̀ ní ọ̀sán, ìyẹn tó.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú owó yín. Brisket páùn kan sábà máa ń wà láàárín dọ́là 25 sí 40, owó orí tó lè tó 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún kò sì sí nínú iye tí ẹ rí lára pátákó. Níbi tí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ wá bá yín lórí tábìlì, ẹ fi 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, nítorí orí ẹ̀bùn yẹn ni owó oṣù rẹ̀ dúró lé. Bíbéèrè fún páálí láti kó àjẹkù lọ kì í ṣe ìtìjú níbẹ̀ rárá, àwọn fúnra wọn ló máa ń bi yín. Oúnjẹ tí a dà nù lẹ́yìn irú owó báyìí máa ń dùn mí.

Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ńlá, nítorí oorun á kun yín, ọ̀nà Texas sì gùn, ó sì tọ́ gbọnrangandan. Big Texan ní ilé ìtura lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí odò ìwẹ̀ rẹ̀ ní ìrísí àwòrán ilẹ̀ Texas. Ibẹ̀ ni kí ẹ sùn. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lọ rìn ní àfonífojì Palo Duro, nǹkan bíi 25 máìlì sí ìlú náà, kí ara lè fúyẹ́. Àjẹkù tí ẹ bá ní nínú fíríìjì, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó dé pápákọ̀ òfurufú, nítorí àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran láti Amẹ́ríkà wọlé lọ́wọ́ èrò ọkọ̀, wọn yóò sì gbà á lọ́wọ́ yín.